Ọmọ Ehoro Inú Oko: Ta Ló Sọ Pé Kò Ní Ìyá?

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo júbà. Mo júbà Kábíyèsí Alákétu, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo júbà ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ ṣojú ààfin láàrin wa. Ẹ̀yin olórí ọdẹ àti ẹ̀yin ọmọ ọdẹ gbogbo, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ igbó. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti Idigny, Adakplamè àti Okpometa wá, ẹ̀yin tí ọwọ́ yín kì í kúrò lára ọkọ́ láti ìgbà òjò títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kú iṣẹ́ oko. A ó jèrè rẹ̀ o. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ láti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà nílùú Kétu wa níbí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ẹ káàbọ̀. Bí mo bá fo ẹnikẹ́ni, kí ẹ foríjì mí.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ lónìí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀rọ̀ ọmọ ehoro oko ni, èyí tí a máa ń rí níbi tí ó lúgọ sí láàrin koríko, tí a kò rí ìyá rẹ̀, tí àánú rẹ̀ sì máa ń ṣe wá. Mo gbọ́ ẹni tí ó rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún nígbà tí alága dárúkọ àkòrí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì mọ ohun tí ó ń rò lọ́kàn: ṣé ehoro tí a ń dẹ kiri láti fi se ọbẹ̀ náà ni a tún wá ń kọ́ bí a ó ṣe fún ọmọ rẹ̀ ní wàrà? Òun náà ni. Ẹ bi àwọn àgbà ọdẹ tí wọ́n jókòó síwájú yìí bóyá iye ehoro tí iná orí wọn ń bá pàdé lóru nígbà èwe wọn ni ó ń bá pàdé lónìí. Ẹ bi wọ́n, kí ẹ má bi mí.

N kò wá bá ọdẹ jà, n kò sì wá sọ ehoro di ọmọ ènìyàn. Ohun tí mo ní láti sọ kò pọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ehoro tí a ń pè ní òrukàn kì í ṣe òrukàn rárá; ọjọ́ tí a bá gbé wọn kúrò nínú koríko ni wọ́n di òrukàn. Èyí tí ó sì jẹ́ òrukàn lóòótọ́, àpọ̀jù ìtọ́jú ni ó sábà máa ń pa á lọ́wọ́ wa, kì í ṣe àìtó ìtọ́jú.

Ìyá tí kì í sí nítòsí lọ́sàn-án

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọ inú oko. Nígbà ìkórè àgbàdo, ní oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, ọmọkùnrin kan ní abúlé kan tí ó wà lójú ọ̀nà Idigny rí ọmọ ehoro méjì lábẹ́ ìdì koríko kan ní etí oko ìyá rẹ̀. Wọn kò sá, wọn kò mira. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ìyá wọn, ni ó bá kó wọn sínú fìlà rẹ̀, ó gbé wọn wá sílé. Ìyá rẹ̀, tí ó jẹ́ aláàánú, ra wàrà màlúù lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, ó sì ń fún wọn mu ní gbogbo ìgbà tí ó bá ti gbọ́ ìró wọn. Kò pẹ́ tí ikùn wọn fi wú, tí ìgbẹ́ gbuuru fi dé, tí àwọn méjèèjì sì kú. Bàbá ọmọ náà, tí òun alára jẹ́ ọdẹ, ni ó sọ ìyókù fún mi. Ó ní ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé àwọn ọmọ náà wálé, òun bá ìyá ehoro pàdé ní ìdí koríko yẹn gan-an, tí ó ń fi imú tọ ilẹ̀ káàkiri, tí ó ń lọ, tí ó tún ń padà. Ó ní òun kò yìnbọn. N kò bi í ní ìdí tí kò fi yìnbọn.

Níbo ni ìyá yìí wà lọ́sàn-án? Ṣé ó kọ ọmọ sílẹ̀ ni? Ṣé ó gbàgbé wọn ni? Rárá o. Iṣẹ́ ìyá ni ó ń ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí àwa ṣe ń ṣe é. Ìyá tiwa a máa pọn ọmọ láti òwúrọ̀ di alẹ́, èyí tí kò bá sì pọn ọmọ rẹ̀, a ó máa wò ó bí aláìláàánú. Ojú yẹn ni a fi ń wo ehoro, àwọn àgbà sì ti sọ pé bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Ehoro oko tiwa kì í gbẹ́ ihò sùn. Orí ilẹ̀ gbalasa ni ó ń bímọ sí, ní ibi tí ó ti tẹ koríko mọ́lẹ̀ díẹ̀, ọmọ kan, tàbí méjì, tàbí mẹ́ta. Irun ti máa ń wà lára ọmọ náà nígbà tí wọ́n bá bí i, ojú rẹ̀ ti là, kì í sì í pẹ́ kí ó tó lè rìn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ àwọn ọmọ náà a pín yà, oníkálukú a wá ibi tirẹ̀ lúgọ sí, a sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀ tán, wọn a jáde wá sí ibi tí wọ́n ti bí wọn, ìyá náà a dé, a fún wọn lọ́mú fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀, a sì tún lọ. Ó parí. Ó di ọjọ́ kejì. Ẹ̀ẹ̀kan péré láàrin ọ̀sán àti òru ni ọmọ ehoro sábà máa ń mu ọmú, wàrà náà sì lọ́ràá tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè gbé e di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Kí ló dé tí ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Òórùn ara ìyá pọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń jẹun, ajá sì lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Òórùn ara ọmọ kéré, bí kò bá sì ti mira, àṣá tí ń bẹ lókè lè fò ó dá. Bí ìyá náà bá jókòó tì í lọ́sàn-án, ńṣe ni yóò máa júwe rẹ̀ fún ajá, fún ẹtà àti fún ejò. Jíjìnnà tí ó jìnnà sí i ni ààbò rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí ọmọ ehoro tí ó dá wà, tí ó dákẹ́, tí kò sá, tí ara rẹ̀ gbẹ, tí ikùn rẹ̀ sì rí róbótó, kí ni ẹ rí? Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń tọ́jú dáadáa ni ẹ rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo fídíò lórí fóònù, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbí. Ehoro igbó tí ẹ ń rí nínú púpọ̀ fídíò Amẹ́ríkà kì í ṣe irú èyí tí ó wà lóko wa. Àwọn ti ibẹ̀ a máa bí ọmọ tí kò ní irun, tí ojú rẹ̀ kò tíì là, sínú kòtò kékeré tí ìyá fi koríko àti irun ara rẹ̀ tẹ́. Ti Yúróòpù a máa gbẹ́ ihò gidi, láti inú irú ti Yúróòpù yìí sì ni gbogbo ehoro ilé tí a ń sìn nínú àgò ti wá. Oyún ehoro ilé a máa gbà tó ọjọ́ 31, ojú ọmọ rẹ̀ a sì là ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá. Ìbátan ehoro oko tiwa ni àwọn tí oyún wọn ń gbà tó ọjọ́ 42, ìdí nìyí tí ọmọ wọn fi ń wá sáyé pẹ̀lú irun àti ojú tí ó là. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí ẹni tí ó bá rí ìtẹ́ ehoro fi okùn tín-ín-rín dábùú orí rẹ̀ ní alẹ́, kí ó sì wò ó láàárọ̀ bóyá okùn náà ti yí padà, èyí tí yóò fi hàn pé ìyá wá. Ìmọ̀ràn yẹn dára fún ibi tí ìtẹ́ bá wà. Tiwa kò ní ìtẹ́, ibo ni ẹ ó fi okùn dábùú? Ṣùgbọ́n nǹkan kan pa gbogbo wọn pọ̀: ìyá kì í jókòó ti ọmọ, àkókò tí ojú ọjọ́ bá ṣókùnkùn ni ó ń wá.

Èrò kan tún wà tí mo fẹ́ kí a fi sílẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé bí ọwọ́ ènìyàn bá ti kan ọmọ ehoro, ìyá rẹ̀ kò ní gbà á mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń sin ehoro ilé ń gbé ọmọ láti abẹ́ ìyá kan sí abẹ́ òmíràn, ìyá náà sì ń fún un lọ́mú. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ti gbé ọmọ ehoro wálé láàárọ̀ yìí, kò tíì pẹ́ jù. Kí ó dá a padà sí ibi tí ó ti gbé e gan-an kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù kì í ṣe òórùn ọwọ́ wa lára ọmọ, bí kò ṣe ajá wa tí ó ń tẹ̀lé wa débẹ̀.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ibi tí ó lúgọ sí ni ọkọ́ tàbí àdá fẹ́ kàn ńkọ́? Ẹ já koríko tútù sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi gbé e, kí ẹ gbé e sí abẹ́ koríko tí ó ṣú ní etí oko, ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí ó wà, kí ẹ má ṣe gbé e jìnnà. Ẹ so ajá mọ́lẹ̀. Kí ẹ sì lọ. Mo tún un sọ: kí ẹ lọ! Àwọn mìíràn a dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan láti wò ó bóyá ìyá yóò wá, ilẹ̀ a sì ṣú bá wọn níbẹ̀, wọn a wálé wá sọ pé ìyá kò wá. Ta ni yóò wá nígbà tí ẹ dúró síbẹ̀? Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, ẹ lè rọra yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kan. Bí ikùn rẹ̀ bá yọ tí ó sì dákẹ́, ìyá ti wá.

Èyí tí ó jẹ́ òrukàn lóòótọ́

Mo ní púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe òrukàn. N kò sọ pé gbogbo wọn. Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ó jẹ́ òrukàn? Bí a bá rí òkú ìyá nítòsí, yálà nínú tàkúté tàbí lójú ọ̀nà ọkọ̀, kò sí àríyànjiyàn. Bí ara ọmọ náà bá tutù, tí èèrà ti ń gùn ún, tí eṣinṣin ti yé sí i lára, tí ikùn rẹ̀ ti wọ inú, tí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dúró sókè nígbà tí a bá fà á díẹ̀, ó nílò ọwọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ajá tàbí ológbò bá ti fi eyín kàn, bí ọgbẹ́ náà tilẹ̀ kéré.

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ̀yin gan-an ni ẹ máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Bí abo ehoro bá kú lọ́wọ́ yín, ẹ fi ọwọ́ kan ọmú rẹ̀. Bí wàrà bá yọ, ọmọ ń bẹ nínú koríko ní àyíká ibẹ̀ tí yóò jáde wá dúró dè é lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, tí kò sì ní rí i. Ìgbà náà ni ó dára jù láti wá wọn, nítorí pé lọ́sàn-án, ẹ lè tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kí ẹ má rí wọn. Mo ti gbọ́ láti ẹnu àgbà ọdẹ kan pé lẹ́yìn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí òun, òun kò dẹ tàkúté ehoro mọ́ ní àkókò tí àgbàdo bá gbó. Èmi kò pa á láṣẹ fún ẹnikẹ́ni, mo kàn sọ ohun tí mo gbọ́.

Ooru ṣáájú oúnjẹ

Níbí ni mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ sí, nítorí pé níbí ni àánú ti ń pa ọmọ ehoro. Kí ni ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń ṣe fún ọmọ tí a bá rò pé ebi ń pa? A ó fún un lóúnjẹ. Fún ọmọ ehoro tí ara rẹ̀ tutù, oúnjẹ yẹn ni ikú. Nígbà tí ara bá tutù, ikùn kò lè ṣiṣẹ́; wàrà tí ó bá wọlé yóò dúró síbẹ̀, yóò kan, yóò sì di afẹ́fẹ́. Ara ehoro máa ń gbóná ju tiwa lọ díẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fọwọ́ kan abẹ́ ikùn rẹ̀ tí ó sì tutù sí yín lọ́wọ́, ẹ gbàgbé wàrà ná. Ẹ wá páálí, ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ tàbí aṣọ rírọ̀ sí i. Ẹ bu omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e sí apá kan páálí náà, kí apá kejì wà láìní ooru, kí ọmọ náà lè sún kúrò bí ó bá gbóná jù. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ iná, kì í ṣe inú oòrùn. Ẹ bò ó kí inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ gbé e sí ibi tí kò sí ariwo.

Lórí ọ̀rọ̀ ariwo yìí, mo fẹ́ sọ ti ìyá agbẹ̀bí kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó tọ́ ọmọ ehoro kan nílé rẹ̀ títí tí ó fi padà sí igbó. Nígbà tí àwọn aládùúgbò gbọ́, wọ́n wá láti wò ó. Ọmọdé fẹ́ gbé e, ọ̀dọ́ fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Ìyá náà ti ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rù-sí rẹ̀, ó ní, “Ẹ ti kí àlejò yín tán, ẹ máa lọ.” Wọ́n ní ó ya ahun. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Ẹranko tí gbogbo ayé ń pa jẹ ni ehoro; gbogbo ọwọ́ tí ó bá gbé e sókè, ikú ni ó kà á sí. Ìbẹ̀rù nìkan lè dá ikùn rẹ̀ dúró, ó sì lè pa á láìsí ọgbẹ́ kankan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tí ara rẹ̀ bá ti móoru tán, omi ni ó kàn. Ẹ lè lo omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fún ọmọ tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru: omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí kékeré 6 tí a rẹ́ lórí, iyọ̀ ìlàjì ṣíbí kékeré. Ìkán díẹ̀ díẹ̀ ni, kó má kún ẹnu.

Ẹ̀yìn èyí ni wàrà tó dé. Òwe wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ọmọ ehoro tiwa kò tíì dàgbà, ọmú ìyá ni ó ń wá, a kò sì ní irú rẹ̀. Nínú gíráàmù 100 wàrà màlúù, ọ̀rá jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 4. Nínú ti ehoro ilé, ó jẹ́ nǹkan bí 12, nígbà mìíràn ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣúgà inú wàrà, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 5 nínú ti màlúù, kò tó 2 nínú ti ehoro. Ẹ wá rí i pé ọ̀tọ̀ ni ohun tí ikùn rẹ̀ ń retí, ọ̀tọ̀ ni ohun tí a ń bù fún un. Ní ìlú òyìnbó, wàrà àtọwọ́dá tí wọ́n ṣe fún ọmọ ológbò tàbí wàrà ewúrẹ́ ni àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí sábà máa ń lò. Wàrà ewúrẹ́ ni ó rọrùn fún wa ní Kétu. Ẹ sè é, ẹ jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara. Kì í ṣe wàrà inú agolo tí a ti fi ṣúgà sí, kì í ṣe èkọ, kì í ṣe omi gààrí.

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni: ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ní ìrọ̀lẹ́. Mo rí ojú àwọn ìyá tí ó ń sọ pé kò tó. Ẹ rántí pé ìyá rẹ̀ gan-an kì í fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ! Láti bẹ̀rẹ̀, kí ó má ju mílílítà 5 lọ nígbà kan fún gíráàmù 100 ìwúwo ara rẹ̀. Ẹ máa wọ̀n ọ́n ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníṣòwò fi ń wọn wúrà dára fún un. Bí ìwúwo rẹ̀ kò bá lọ sókè, ẹ fi díẹ̀ kún un. Bí ikùn rẹ̀ bá le tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá rọ̀, ẹ dín in kù. Sírínjì kékeré tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe dojú rẹ̀ sókè bí ọmọ tuntun tí a fẹ́ rọ lágbo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ó wà nílẹ̀, kí orí rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, kí ó sì máa fi ẹnu ara rẹ̀ lá wàrà náà níkán níkán. Èyí tí ó bá gba imú jáde ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ ehoro tí wàrà bá sì ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kì í sábà yè é. Lẹ́yìn oúnjẹ, bí ó bá ṣì kéré púpọ̀, ẹ fi òwú tí a rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ rọra nù ún nídìí títí tí yóò fi tọ̀. Ìyá rẹ̀ a máa fi ahọ́n ṣe é.

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí koríko tútù tí kò ní ìrì lára ti wà nínú páálí rẹ̀. Kí ẹ já a láti ibi tí ẹ ti rí i: koríko, ewé yúnyun, ewé ẹ̀pà. Láàrin ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta yóò ti máa gé e jẹ. Ẹ má ṣe fún un ní ewé ẹ̀gẹ́ tútù nítorí májèlé inú rẹ̀, ẹ má sì ṣe fún un ní búrẹ́dì tàbí bisikíìtì. Bí ẹ bá wá rí i tí ó ń jẹ ìgbẹ́ rírọ̀ tirẹ̀, ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì ṣe kó o dànù. Bí a ti dá ehoro nìyẹn. Ewé tí ó jẹ kò lè dà tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní láti gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-tín tí kò ṣeé fojú rí tí ń bẹ nínú ìfun rẹ̀ ni wọ́n sì ń bá a dà á.

Àwọn kòkòrò wọ̀nyí ni ó mú kí n kìlọ̀ nípa oògùn. Nígbà tí ọmọ ehoro bá ní ọgbẹ́ eyín ajá, ohun tí ó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni kápúsù aláwọ̀ méjì tí a ń rà lọ́jà. Amoxicillin tàbí ampicillin tí a bá fún ehoro mu lẹ́nu yóò pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun rẹ̀, àwọn búburú yóò gba ipò wọn, ehoro náà yóò sì yàgbẹ́ gbuuru kú. Ohun tí ó ń wo ènìyàn sàn ni o! Ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran, kí ẹ sì sọ fún un pé ehoro ni.

Ehoro oko àti ehoro ilé

Díẹ̀ ni n ó sọ lórí èyí. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń sin ehoro ilé máa ń bi mí bóyá àwọn lè fi ehoro oko gun tiwọn kí irú rẹ̀ le sí i. Kò lè ṣeé ṣe. Kúrómósómù, ìyẹn ohun tí ń gbé àbùdá òbí dé ara ọmọ, ti ehoro oko jẹ́ 48, ti ehoro ilé jẹ́ 44, wọn kì í bímọ fún ara wọn. Ohun tí wọ́n lè fún ara wọn ni àrùn. Àrùn kan wà tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dà nínú ara ehoro, tí ó sì ń pa á lójijì. Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1984, ó jà láàrin àwọn ehoro ilé ní Bẹ̀nẹ̀ wa níbí ní àwọn ọdún 1990, àwọn tí wọ́n bá sì ti ní àjọṣe pẹ̀lú CECURI, ibùdó ìwádìí lórí ehoro sísìn ní yunifásítì Abomey-Calavi, yóò ti gbọ́ nípa rẹ̀. Irú rẹ̀ tuntun tí ó yọ ní Faransé ní 2010 kò fi mọ sí ehoro ilé, ó ń ran irú ehoro oko mìíràn pẹ̀lú, Nàìjíríà sì ròyìn rẹ̀ ní 2020. Nítorí náà, kí ẹ má ṣe gbé ọmọ ehoro oko sínú àgò ehoro ilé. Ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ ọ̀kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ èkejì.

Ọjọ́ tí yóò padà

Òfin orílẹ̀-èdè wa lórí ẹranko igbó, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 2004, ní àkóso lórí ọdẹ àti lórí fífi ẹranko igbó pamọ́ sílé. Ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ Eaux et Forêts, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó igbó, mọ̀ pé ó wà lọ́dọ̀ yín, kí ó má baà di ẹjọ́. Kí ẹ má sì ṣe sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ọjọ́ tí àwọn ọmọdé bá ti sọ ọ́ lórúkọ ni dídá a padà ti di ọ̀rọ̀ ẹkún.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọmọ ehoro lè fi wàrà sílẹ̀. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí ó sì fi bí ọ̀sẹ̀ kan jẹ koríko nìkan kí ìwúwo rẹ̀ má sì já wálẹ̀. Bí ó bá ń sá fún yín nígbà tí ẹ bá ṣí ibùgbé rẹ̀, inú yín ni kó dùn; ó ti ṣe tán. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀sán, sí ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi, tí koríko rẹ̀ ṣú, ní àgbègbè tí ẹ ti rí i. Ẹ ṣí páálí náà, ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ yí padà.

Àkókò ni ó kù tí n ó mẹ́nu bà. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni iná ń jó igbó wa jù, láti etí oko títí dé ẹ̀gbẹ́ igbó Dogo. Kò sí èrè nínú títọ́ ehoro fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí a tó tú u sílẹ̀ sínú koríko tí aládùúgbò yóò dáná sun ní ọjọ́ kejì. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà. Bí iná bá ti kọjá níbẹ̀, ẹ mú un dúró sílé títí tí òjò àkọ́kọ́ yóò fi hu koríko tuntun, tàbí kí ẹ wá etí odò tí ó ṣì tutù.

Mo rí i pé olórí ọdẹ ti nawọ́. Bàbá, ẹ̀yin ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tọ́ sí. Ẹ ṣeun, mo ń gbọ́ yín.